Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n, Lórí Òkè Ramapo

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi wá léèrè pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ wa tí a fi ń tiro wọ ìpàdé oṣù tó kọjá. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn gbọ́ pé béárì lé wa nínú igbó. Irọ́ ni o. Béárì kankan kò lé wa. Àwa fúnra wa la kó ara wa sí wàhálà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an la fẹ́ rò fún yín lóṣù yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ilé tó bá ní ọmọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwa bàbá mẹ́ta tí a jọ ń gbé ní Bronx jókòó lọ́jọ́ kan, a ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wa, tí a ń pè ní Bàbá Ìbejì, sọ pé àwọn ìbejì òun ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tó wà nínú wọn mọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni Bàbá Ìbejì ń ṣe. Bó bá ń wọlé láàárọ̀, àwọn ọmọ ń jáde lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá dé, òun ti ń múra àtijáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ara fìríìjì la ti ń kí ara wa. Màá lẹ bébà tèmi mọ́ ọn, àwọn náà á lẹ tiwọn." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Èwo nínú wa ló sàn jù ú lọ? Àwa tí a ń kọ̀wé yìí, akáńtáǹtì ni wá. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ títí di àárín oṣù Igbe, ìwé owó-orí àwọn ẹlòmíràn là ń bá sùn, là ń bá jí. Ẹnì kẹta wa ń wa takisí, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń wa takisí ní New York kò nílé, ojú títì ni ilé rẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló mú àbá wá. Ó rí mápù ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan nílé ìkàwé, ọ̀nà tó gba orí òkè Ramapo kọjá, láti ibùdókọ̀ reluwé Tuxedo títí dé etí odò Hudson ní Jones Point. Ó lé ní ogún máìlì. Ó ní, "Dádì, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ẹ jẹ́ ká lọ." Nígbà tí ìyàwó wa gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan! Ẹni tó ní yàrá, tó ní bẹ́ẹ̀dì, òun ló fẹ́ lọ sùn nínú igbó. Ta ló ń lé yín?"

Ọ̀rọ̀ ìyàwó wa kò burú. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹni tó bá ń rìn fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ohun tó ń lé e, ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n ṣé àwa Yorùbá kò mọ òkè ni? Ọmọ Ìdànrè ni wá. Orí òkè làwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ rí ààfin àtijọ́ Ọwá lókè lọ́hùn-ún, yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun, òkè gbà wọ́n. Òkè kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwa la sọ ara wa di àjèjì sí òkè.

Òkè Ramapo tí à ń sọ yìí wà nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Harriman. Kò jìnnà rárá. Bíi wákàtí kan àti díẹ̀ ni reluwé ń gbà láti Manhattan. Ní ọdún 1910, opó kan tó ń jẹ́ Mary Harriman fún ìjọba ìpínlẹ̀ New York ní 10,000 éékà ilẹ̀ àti mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìjọba ti fẹ́ kọ́ sí Bear Mountain nítòsí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bùn yìí dé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ibẹ̀ wá di ibi ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Lónìí, ọgbà Harriman lé ní 47,000 éékà. Ní ọdún 1920, àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn òkè gígùn ní New York àti New Jersey parapọ̀ di ẹgbẹ́ kan, ọ̀nà Tuxedo sí Jones Point yìí sì ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n là. Àmì rẹ̀ lára igi àti òkúta ni pupa roboto lórí ọ̀dà funfun. Nígbà tó di ọdún 1923, wọ́n tún ṣí apá àkọ́kọ́ nínú Appalachian Trail lórí àwọn òkè kan náà, ìyẹn ọ̀nà gbọọrọ tí Benton MacKaye dábàá rẹ̀ ní 1921, tó lọ láti Georgia títí dé Maine, tó lé ní 2,190 máìlì. Ọ̀dà funfun lásán ni àmì tirẹ̀. Ní ibì kan, ọ̀nà méjèèjì pàdé, wọ́n sì jọ ń lọ. Ẹ fi àmì méjèèjì yìí sọ́kàn o, ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìparí oṣù kẹfà, nígbà tí ilé ìwé ti parí, la gbéra. Bàbá mẹ́ta, ọmọ márùn-ún: ìbejì, ọmọ wa obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti ọmọ ọ̀rẹ́ wa onítakisí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa rẹ́rìn-ín. Àwa àgbà di ẹrù bí ẹni tó ń relé ọdún. Gàrí, ẹ̀pà, súgà, sàdíìnì, ata gígún, odindi ìkòkò onírin kan. Àwọn ọmọ wo bàágì wa, wọ́n wo ara wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. A wọ reluwé ní Penn Station, a pààrọ̀ rẹ̀ ní Secaucus, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Tuxedo. Kò ju ìdajì wákàtí lọ lórí òkè àkọ́kọ́ tí ìkòkò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀yìn wa wíjọ́.

Ọjọ́ kìíní dùn. A kọjá ní ihò àpáta tí wọ́n ń fi orúkọ Claudius Smith pè. Olórí àwọn adigunjalè ni Claudius Smith nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà. Ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì ló wà, wọ́n sì so ó kọ́ ní ìlú Goshen lóṣù kìíní ọdún 1779. Ọmọ wa kékeré wọ inú ihò náà, ó ní òun ń wá wúrà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a dé Bald Rocks, níbi tí àtíbàbà olókùúta kan wà fún àwọn tó ń rìn kọjá. Òfin ọgbà náà ni pé ẹ kò gbọdọ̀ sùn níbikíbi tó bá wù yín, àyàfi nítòsí irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀. A so oúnjẹ wa rọ̀ sórí igi nítorí béárì. A yẹ ara wa wò nítorí eégbọn, nítorí eégbọn wọn níhìn-ín ń gbé àìsàn kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lyme ní Connecticut sọ. Lẹ́yìn náà la rẹ gàrí, a jókòó yí iná ká.

Nígbà tí Bàbá Ìbejì ń ráhùn nípa orúnkún rẹ̀, ọmọ wa obìnrin sọ ìtàn màmá àgbà kan fún wa, Emma Gatewood. Ọmọ mọ́kànlá ló bí. Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ní 1955, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó gbé àpò tó fúnra rẹ̀ rán sí èjìká, òun nìkan sì rin Appalachian Trail láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tún sọ ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ará New York bíi tiwa, Derick Lugo, tí kò sùn nínú àgọ́ rí títí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn ní 2012, tó sì rìn ín parí. Bàbá Ìbejì dákẹ́. Ó ní, "Ọmọ yìí, o ti fi ìyá àgbà bú mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì sùn.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ooru mú gan-an. Omi kò pọ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn. Odò kékeré tí a rí lórí mápù ti gbẹ, òkúta nìkan ló kù níbẹ̀. A gun òkè Hogencamp, a sì ń lọ sí òkè Fingerboard. Ibẹ̀ ni ọ̀nà pupa roboto àti ọ̀nà funfun ti pàdé. Ó yẹ ká tẹ̀lé méjèèjì pọ̀ lọ síwájú. Ọ̀rẹ́ wa onítakisí ló ṣáájú, ó rí ọ̀dà funfun lára igi kan, ó sì yà. Gbogbo wa tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí ọmọ wa obìnrin fi ké láti ẹ̀yìn pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, àmì pupa yẹn ò sí mọ́ o." Ọ̀rẹ́ wa dáhùn pé, "Ogún ọdún ni mo ti ń wakọ̀ ní New York. Ṣé ìwọ ló máa júwe ọ̀nà fún mi?" Àwa náà, kí Ọlọ́run má bínú sí wa, a ní, "Máa bọ̀ jàre, ọmọ yìí. Àwọn àgbà ń bẹ níwájú." Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. A jágbe mọ́ ọn. Ó dákẹ́.

A sọ̀kalẹ̀, a sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Òkúta ni ṣáá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn ló wá yọ mápù, tó wo oòrùn, tó ní, "Bàbá, apá ìwọ̀ oòrùn là ń lọ. À ń padà sẹ́yìn ni." A dúró. Fóònù wo ló fẹ́ ràn wá lọ́wọ́? Kò gbà níbẹ̀. Gbogbo òkè tí a ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni a ó tún gùn padà, omi tó kù lọ́wọ́ wa kò sì tó nǹkan.

Àárín ìgòkè yẹn ni Bàbá Ìbejì jókòó lójijì. Òòyì ń kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ funfun, ètè rẹ̀ gbẹ. A bi í pé níbo ni omi rẹ̀ wà. Kò fẹ́ sọ. Taiwo mú ìgò bàbá rẹ̀, ó dà á dorí kodò: kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Kẹ́hìndé wo ìgò tirẹ̀, ó wo ti ìkejì rẹ̀, ó wá yé wọn. Láti àárọ̀ ni bàbá wọn ti ń da omi tirẹ̀ sínú ìgò wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá yíjú sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kó mu omi, á ní, "Òǹgbẹ ò gbẹ mí." Ó tún jẹ́wọ́ pé òun ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, irú èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn ọmọ má baà rò pé bàbá àwọn ti darúgbó.

Ẹ̀yin òbí, ta ni nínú wa tí kò tíì purọ́ yẹn rí? "Ebi ò pa mí." "Kò rẹ̀ mí." "Owó wà." A rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, lórí òkúta Fingerboard, ìfẹ́ tí kò lẹ́nu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwọn ọmọ méjì di aláìní bàbá.

A gbé e sábẹ́ igi. A fi aṣọ fẹ́ ẹ. Àwọn ìbejì ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ìgò tiwọn la sì ń lò. Taiwo sọ̀rọ̀ tí a kò lè gbàgbé. Ó ní, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa? A ò mọ̀. Ẹ kì í sọ nǹkan kan fún wa rí." Yorùbá ló fi sọ ọ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń sọ pé kò gbédè. Bàbá Ìbejì kò lè dáhùn. Ó kàn di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ara rẹ̀ balẹ̀. Àwọn ìbejì pín ẹrù bàbá wọn láàárín ara wọn. Ká tó gbéra, a pe ọmọ wa obìnrin síwájú gbogbo ènìyàn. A ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo rí i. Àwa la jẹ̀bi. Má bínú." Ọ̀rẹ́ wa onítakisí náà ṣí fìlà, ó ní, "Èmi náà o. Láti òní lọ, ìwọ ni awakọ̀, èmi ni èrò." Ọmọ náà kúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Ohun tó bọ́ lára wa lọ́jọ́ yẹn wúwo ju ìkòkò onírin lọ.

Ibẹ̀ la ti ṣe òfin méjì. Òfin kìíní: bí a bá ti dé oríta, ọmọ tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ wá àmì, kó sì ké e sókè kí gbogbo wa gbọ́. Òfin kejì: ẹni tó lọ́ra jù ló máa wà níwájú, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wà lẹ́yìn. Ojú ọmọdé, ìṣísẹ̀ àgbà. Bí a ṣe dé adágún Tiorati nírọ̀lẹ́ nìyẹn, níbi tí omi ẹ̀rọ wà. A mu omi bí ràkúnmí. Alẹ́ ti lẹ́ ká tó dé àtíbàbà tó ń jẹ́ Brien, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì la fi wọ ibẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, Bàbá Ìbejì kò sùn bọ̀rọ̀. Ó ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ rẹ̀, bó ṣe dé New York nínú òtútù pẹ̀lú bàtà sálúbàtà, bó ṣe sùn sí ìsàlẹ̀ ilé ẹni ẹlẹ́ni ní Brooklyn fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, a gun Black Mountain. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ọmọ wa kékeré nawọ́ síwájú, ó ké. Ní òkèèrè réré, a rí àwọn ilé gogoro Manhattan, wọ́n dúró ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mọ́ aṣọ. Ibẹ̀ ni gbogbo àròkàn wa wà: háyà ilé, iṣẹ́ alẹ́, ìwé owó-orí. Láti orí òkè, àtàǹpàkò kan bo gbogbo rẹ̀.

Òkè tó kẹ́yìn ni Dunderberg. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ tibẹ̀. Ní ọdún 1890, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin sí ara òkè yẹn láti máa gbé àwọn olówó gun orí rẹ̀ fún afẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n to òkúta, wọ́n lu àpáta. Nígbà tó di 1891, owó tán, iṣẹ́ dúró. Títí di òní, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jones Point yóò rí ògiri òkúta àti ihò tí wọ́n lù tì. Reluwé kankan kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Akáńtáǹtì ni wá, a dúró níwájú ihò náà, a mi orí. Ẹni tí kò bá ka ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbéra, àárín ọ̀nà ni yóò ti kà á. Àwa náà kò ka omi wa. Ṣùgbọ́n àwa ní àwọn ọmọ tó kà á fún wa.

Nígbà tí a dé etí odò Hudson, àwọn ìyàwó wa ti ń dúró pẹ̀lú mọ́tò àti ìrẹsì gbígbóná. Ìyá Ìbejì wo ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn wa. Ẹ má dì ju ohun tí ẹ̀yìn yín lè gbé. Ẹ gbé omi tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò lọ, ẹ sì se omi odò tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó mu ún. Ẹni tó ń lo oògùn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó sì sọ fún àwọn tó bá a lọ. Ẹ mú mápù oníwèé dání. Ẹ yẹ ara wò nítorí eégbọn. Pàǹtí tí ẹ gbé lọ, ẹ gbé e bọ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì fẹ́ràn láti pa á níbi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọ wa ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí àmì ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí wọn. Ẹ̀yin ọmọ wa náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bi bàbá yín àti màmá yín lálẹ́ òní pé, "Ṣé òǹgbẹ ń gbẹ yín?" Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ yẹ ìgò wọn wò.

Ó tún di oṣù tó ń bọ̀. Ire o.